Ọ̀gá, ṣé dandan ni kí n tú u kí n tó mọ̀ pé ó ti kú?

ÌBÉÈRÈ: Okun o, ọ̀gá. Ìsánlú ni mo wà. Íńfátà àti bọ́ọ̀dù iná tẹlifíṣàn ni mò ń tún ṣe, ọdún kejì rèé tí mo gba fírídọ̀mù. Ohun tí wọ́n kọ́ mi ni pé kí n máa tú gbogbo nǹkan kúrò lórí bọ́ọ̀dù kí n tó fi mítà wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń tú u, ojú bàbà bọ́ọ̀dù náà máa ń ṣí tẹ̀lé e. Nígbà tí mo wá ní kí n máa wọ̀n ọ́n lórí ìjókòó, ìyẹn láìtú u, ó tún kó mi sí wàhálà. Mo wọn rẹsísítọ̀ kan, ohun kékeré tó ń dín ìrìn iná kù, 10k ni, ìyẹn ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ọ́ọ̀mù, ó ka 1.8k. Mo pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, 1.8k náà ni. Lẹ́yìn náà ni íńfátà 12V kan dé, fẹ́ẹ̀tì (FET, irú tiransítọ̀ kan tó ń tan iná tó sì ń pa á) mẹ́jọ ló wà lórí rẹ̀, mítà sì ń dún lórí gbogbo wọn bí ẹni pé gbogbo wọn ti ṣọ́ọ̀tì. Mo tú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ẹyọ kan ṣoṣo ló kú. Ẹ jọ̀ọ́ sà, èwo ni mo lè wọ̀n láìtú u, èwo ni mo gbọ́dọ̀ tú?

ÌDÁHÙN: Okun o, àbúrò mi. O kú ìnáwó rẹsísítọ̀ mẹ́ta.

Rẹsísítọ̀ yẹn kò ṣe nǹkan kan. Mítà rẹ náà kò sì purọ́. Nígbà tí o gbé ọwọ́ pupa àti ọwọ́ dúdú lé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, o rò pé rẹsísítọ̀ lò ń bi léèrè. Rárá o. Ojú méjì lórí bọ́ọ̀dù lò ń bi, gbogbo ohun tó bá so ojú méjèèjì yẹn pọ̀ ló sì máa dá ọ lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Bí èèyàn bá dúró lẹ́nu ọ̀nà agboolé kan níbí ní Kabba, tó ké sí “Ìyá Ìbejì!”, tí ìyá ìbejì mẹ́ta bá wà nínú ilé, ṣebí ohùn mẹ́ta ni yóò gbọ́.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Bí rẹsísítọ̀ méjì bá jọ so mọ́ ojú kan náà, sọ wọ́n di púpọ̀ ara wọn, kí o wá fi àròpọ̀ wọn pín in. 10 lọ́nà 2.2 jẹ́ 22. 10 àti 2.2 jẹ́ 12.2. Fi 12.2 pín 22, 1.8 ló máa fún ọ. Ìyẹn ni mo ṣe lè jókòó sí Kabba níbí kí n sọ fún ọ pé ọ̀nà mìíràn kan wà lórí bọ́ọ̀dù yẹn, tó tó nǹkan bíi 2.2k, tó so mọ́ ojú kan náà pẹ̀lú 10k rẹ. Ó lè jẹ́ rẹsísítọ̀ kan ṣoṣo, ó lè jẹ́ méjì mẹ́ta tó tò tẹ̀lé ara wọn. Yí bọ́ọ̀dù náà padà, tẹ̀ lé ojú bàbà rẹ̀, wàá rí i.

Ibẹ̀ gan-an ni òfin tí mo fẹ́ kí o mú lọ ti wá. Ọ̀nà tó bá ń pọ̀ sí i kì í mú kí ìrìn iná le, ńṣe ló ń dẹ̀ ẹ́ lọ́rùn. Nítorí náà, ohun tó bá yí rẹsísítọ̀ ká kò lè mú kí mítà ka iye tó ga ju ti rẹsísítọ̀ náà fúnra rẹ̀ lọ, kí ó dín in kù nìkan ni ó lè ṣe. Bí iye tí mítà kà bá kéré sí èyí tí wọ́n kọ sára rẹ̀, má tíì dá a lẹ́bi. Bí ó bá ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó ti kọjá ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún tí ìlà góòlù ara rẹ̀ gbà láyè, ó ti kú. Tú u láìbẹ̀rù. Rẹsísítọ̀ 10k tó ka 14k lórí bọ́ọ̀dù kò ní àwáwí kankan.

Ohun méjì péré ló lè ba òfin yìí jẹ́. Àkọ́kọ́ ni kí iná ṣì kù nínú kapásítọ̀ (ohun tó ń tọ́jú iná pamọ́) kan nítòsí. Èkejì ni kí mítà fúnra rẹ̀ máa rọ iná sínú kapásítọ̀ lọ́wọ́. Ìyẹn ni o ṣe máa ń rí i tí nọ́ńbà ń gùn lọ sókè, tí kò fẹ́ dúró. Mú sùúrù kí ó dúró, kí o tó kà á.

Lílo òfin yìí ló máa dín iṣẹ́ rẹ kù jù. Wo rẹsísítọ̀ tó ń jí IC (ohun dúdú ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀ tó ń darí iṣẹ́ bọ́ọ̀dù) lórí bọ́ọ̀dù iná tẹlifíṣàn. Ó sábà máa ń jẹ́ méjì tó tò tẹ̀lé ara wọn, bíi 470k àti 470k, láti ojú kapásítọ̀ ńlá lọ sí ẹsẹ̀ ìjẹun IC. Àwọn tó ga báyìí, ooru àti fóòtì ńlá ló ń pa wọ́n, wọ́n sì sábà máa ń là nínú láìdúdú lójú. Wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan lórí ìjókòó. Bí ọ̀kan bá ka 3M, ìyẹn mílíọ̀nù mẹ́ta ọ́ọ̀mù, o ti rí ẹlẹ́ṣẹ̀ láìgbé áyọ́ọ̀nù, irin gbígbóná tí a fi ń tú nǹkan lórí bọ́ọ̀dù. Àwọn kékeré, láti ọ́ọ̀mù kan títí dé ọgọ́rùn-ún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé òótọ́ pọ́ńbélé ni mítà máa ń sọ nípa tiwọn, torí pé ohun tó yí wọn ká tóbi jù wọ́n lọ fíìfíì. 47 ọ́ọ̀mù tó ní 10k lẹ́gbẹ̀ẹ́ yóò ka 46.8. Ta ni ìyẹn máa dà láàmú? Àwọn tó wà láàárín, láti 1k sí 100k, àwọn ni ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́.

Ẹ̀tàn kan wà tí mo máa ń lò fún àwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ wọ̀nyẹn. Wọ̀n ọ́n, kí o wá yí ọwọ́ mítà padà, kí pupa lọ síbi tí dúdú wà. Rẹsísítọ̀ kò mọ apá ibi tí iná ti wá, nọ́ńbà méjèèjì yẹ kó bára mu. Bí wọn kò bá bára mu, dáyóòdù (èyí tó ń jẹ́ kí iná gba apá kan ṣoṣo kọjá) tàbí tiransítọ̀ (èyí tó ń ṣílẹ̀kùn fún iná tó sì ń tì í) tàbí IC kan ló ń bá ọ dá sí i láti ẹ̀gbẹ́. Èyí tó ga nínú nọ́ńbà méjèèjì ni kí o gbà, òun ló sún mọ́ òtítọ́. Mítà náà ní ipa tirẹ̀ pẹ̀lú: àwọn mítà onínọ́ńbà kan kì í rán ju ìlàjì fóòtì jáde bí o bá fi wọ́n sí ọ́ọ̀mù, ìyẹn kò sì tó láti ṣílẹ̀kùn dáyóòdù sílíkọ́nì, irú tó wọ́pọ̀ jù. Àwọn mítà onítọ́ka àtijọ́ máa ń rán fóòtì kan àbọ̀ tàbí mẹ́ta, gbogbo ẹni tó wà lórí bọ́ọ̀dù ni wọ́n máa ń jí. Bí o bá fẹ́ mọ tìrẹ, yá mítà ẹlòmíràn, fi sí fóòtì, kí o fi wọn ohun tí mítà tìrẹ ń rán jáde ní ibi ọ́ọ̀mù. Ṣe é lẹ́ẹ̀kan, kọ ọ́ sẹ́yìn mítà.

Ṣùgbọ́n mo ti ń sáré ju ara mi lọ. Ohun tó yẹ kó ṣáájú gbogbo èyí ni iná tó kù nínú bọ́ọ̀dù. Bọ́ọ̀dù tẹlifíṣàn tó ń jẹ iná 230V, fóòtì 325 ló máa ń wà nínú kapásítọ̀ ńlá rẹ̀, èyí tó bá sì ní PFC, ìyẹn apá tó ń gbé fóòtì náà sókè, máa ń tó 380 sí 400. Bí bọ́ọ̀dù náà bá ń ṣiṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ yóò jẹ ẹ́ tán nígbà tí o bá yọ ọ́ nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Bọ́ọ̀dù tó kú kì í jẹ nǹkan kan, ó lè tọ́jú iná náà dè ọ́ títí di ọ̀la. Mítà mi kejì láyé, ibẹ̀ ló kú sí: mo fi í sí ibi tó ń dún, mo gbé e lé kapásítọ̀ 400V, ó dún lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe dídún tí mò ń retí. Láti ọjọ́ náà, fóòtì ni mo kọ́kọ́ máa ń fi mítà sí, lójú tó ga jù, kí n tó fi sí ohunkóhun mìíràn.

Má fi síkúrúdíráfà so ẹsẹ̀ kapásítọ̀ pọ̀. Ariwo rẹ̀ máa ń mú orí àwọn ọmọ iṣẹ́ wú, ṣùgbọ́n ó ń jó ojú bàbà, ó sì lè pa IC tó wà nítòsí. Wá rẹsísítọ̀ 2.2k oníwáàtì márùn-ún, so wáyà tí awọ ara rẹ̀ nípọn mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, fi téèpù wé e dáadáa. Kapásítọ̀ 100µF yóò tú iná rẹ̀ tán nínú ìṣẹ́jú àáyá kan àti díẹ̀. Ka márùn-ún, kí o tún fi mítà yẹ̀ ẹ́ wò. Gílóòbù àtijọ́ oníwáàtì 100 náà ń ṣe é, ó tiẹ̀ máa tàn fìrì kí o lè rí i.

Ó yá, íńfátà rẹ. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí, torí pé fẹ́ẹ̀tì méje tó sàn lo fi áyọ́ọ̀nù jó lásán.

Ìwọ wo bọ́ọ̀dù yẹn dáadáa. Mo fẹ́ gbà pé irú èyí tí wáyà ńlá mẹ́ta ti ń ti tiransifọ́mà bọ̀ ni: èyí tó wà láàárín lọ sí pósítíífù bátìrì, ọ̀kan lọ sí dírénì (ẹsẹ̀ tí iná ń gbà wọlé) fẹ́ẹ̀tì mẹ́rin apá òsì, ọ̀kan yòókù lọ sí dírénì mẹ́rin apá ọ̀tún. Wáyà inú tiransifọ́mà yẹn nípọn, ọ́ọ̀mù rẹ̀ kéré débi pé mítà ọwọ́ wa kò lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ṣọ́ọ̀tì. Lójú mítà, dírénì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ojú kan náà ni wọ́n. Bí ẹyọ kan bá kú ní apá òsì, apá ọ̀tún náà yóò máa dún. Mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ń ké, òkú kan ṣoṣo ni wọ́n ń sin.

Nítorí náà, kí o tó gbé áyọ́ọ̀nù, yọ bátìrì, fa iná inú àwọn kapásítọ̀ tó wà lẹ́nu rẹ̀, kí o wá tú bóòtù wáyà tiransifọ́mà méjèèjì tó lọ sí dírénì. Tún wọ̀n ọ́n láti dírénì sí sọ́ọ̀sì, ẹsẹ̀ tí iná ń gbà jáde. Apá kan yóò dákẹ́. O ti dá mẹ́rin sílẹ̀ lómìnira láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún.

Nínú mẹ́rin tó kù, èwo ni òkú? Ọ̀pọ̀ íńfátà ló fún fẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan ní rẹsísítọ̀ kékeré tirẹ̀ lẹ́nu géètì, ẹsẹ̀ tó ń darí rẹ̀. Ká ní 22 ọ́ọ̀mù ni. Fẹ́ẹ̀tì tó bá ṣọ́ọ̀tì sábà máa ń so ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, títí kan géètì. Gbé ọwọ́ dúdú lé sọ́ọ̀sì, kí o máa gbé ọwọ́ pupa lé géètì wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, lórí ẹsẹ̀ fẹ́ẹ̀tì gan-an, kì í ṣe lẹ́yìn rẹsísítọ̀. Òkú yóò ka òdo tàbí ọ́ọ̀mù kan. Àwọn alààyè yóò ka nǹkan bíi 44, torí pé iná ní láti gba 22 tiwọn kọjá, kí ó tún gba 22 ti òkú, kí ó tó dé sọ́ọ̀sì. O rí i? Ohun tó yí wọn ká, tó ń da ọ láàmú ní 10k àná, òun náà ló ń tọ́ka ẹlẹ́ṣẹ̀ fún ọ lónìí.

Nígbà mìíràn, rẹsísítọ̀ géètì òkú ti jóná, ó ti là. Àwọn mẹ́ta tó kù á wá ka iye tó ga, bí ìgbà tí nǹkan kan kò ṣe wọ́n, ṣùgbọ́n nígbà náà rẹsísítọ̀ 22 kan yóò wà tó ga ju 22 lọ fíìfíì. Òfin àkọ́kọ́ ti mú un. Bí géètì gbogbo wọn bá sì dára, tí dírénì sí sọ́ọ̀sì nìkan ṣọ́ọ̀tì, kò sí ohun tí a lè ṣe ju kí a máa tú wọn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí ara rẹ̀ sán tàbí tó yí àwọ̀ padà, kí o máa wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí o sì dúró níbi tí mítà bá ti dákẹ́.

Àwọn kan á ní kí o pààrọ̀ òkú nìkan. Èmi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin apá tó bàjẹ́ ni mo máa ń pààrọ̀, kí gbogbo wọn jẹ́ irú kan náà láti ọwọ́ ẹnì kan náà. Àwọn tó kù ti gbé ẹrù tí kì í ṣe tiwọn lọ́jọ́ tí ẹnì kejì wọn kú, tí tuntun àti ògbólógbòó bá sì jọ ń ru ẹrù, wọn kì í rù ú dọ́gba. Kó o sì ṣọ́ra fún èyí tí ò ń rà. IRF3205 gidi, 55V àti 110A ló wà lórí ìwé rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn kan wà lọ́jà tó jẹ́ pé orúkọ ara wọn nìkan ló jọ ọ́. Ẹni tó ń retí ẹrù láti Èkó fún ọjọ́ mẹ́ta, tó wá gba ayédèrú, ó mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí.

Dáyóòdù kò gba àlàyé púpọ̀. Fi mítà sí ojú dáyóòdù: 0.5 sí 0.7 ní apá kan fún ti sílíkọ́nì, 0.15 sí 0.35 fún Schottky, irú dáyóòdù mìíràn. Ní apá kejì, lórí tábìlì OL (iná kò kọjá) ló yẹ kó kà, lórí bọ́ọ̀dù ó lè ka nọ́ńbà ńlá kan, kò burú. Òdo ní apá méjèèjì, ìyẹn ni kí o lépa. Ṣùgbọ́n rántí pé òdo yẹn lè jẹ́ ti kapásítọ̀ tàbí ti fẹ́ẹ̀tì tí wọ́n jọ so mọ́ ojú kan náà. Gbé ẹsẹ̀ kan dáyóòdù náà sókè kí o tó dá a lẹ́jọ́.

Ti tiransítọ̀ ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀, torí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pa aláìṣẹ̀ jù. Ní ojú dáyóòdù, mítà ń rán nǹkan bíi mílíámù kan, ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ámù, jáde. Bí rẹsísítọ̀ 1k bá wà láàárín bésì àti ẹ̀mítà, ẹsẹ̀ méjì nínú mẹ́ta tiransítọ̀, mílíámù kan nínú 1k á fẹ́ di fóòtì kan, tiransítọ̀ yóò ti ṣílẹ̀kùn ní 0.6 kí ó tó débẹ̀, o máa rí 0.6, inú rẹ yóò dùn. Ṣùgbọ́n bí rẹsísítọ̀ yẹn bá jẹ́ 100 ọ́ọ̀mù ńkọ́? Mílíámù kan nínú 100 ọ́ọ̀mù jẹ́ 0.1V péré. Ìlẹ̀kùn kò ní ṣí láé. Mítà á ka 0.1, ọmọ iṣẹ́ á ní ó ti ṣọ́ọ̀tì, á fà á tu. Nítorí náà, bí o bá rí nọ́ńbà kékeré tí kì í ṣe òdo, tó sì rí bákan náà ní apá méjèèjì, rẹsísítọ̀ ló ń dá ọ lóhùn. Wá a lójú bàbà. Ṣọ́ọ̀tì gidi máa ń ka òdo tàbí ohun tó sún mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí. Àwọn tẹlifíṣàn onígò àtijọ́ tiẹ̀ ní tiransítọ̀ tó gbé rẹsísítọ̀ àti dáyóòdù sínú ara rẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ wọn ni a kó dà sí àkìtàn nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, tí kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Ọlọ́run á dárí jì wá.

Kapásítọ̀ wá. Ojú kapásítọ̀ lórí mítà rẹ, má lò ó lórí bọ́ọ̀dù. Kapásítọ̀ tó jọ so mọ́ ojú kan náà máa ń ro iye wọn pọ̀, rẹsísítọ̀ ẹ̀gbẹ́ wọn sì ń da ìṣirò mítà rú. Mítà ESR, tó ń wọn ọ́ọ̀mù inú kapásítọ̀ fúnra rẹ̀, ni irinṣẹ́ ibẹ̀. Bí o bá lè ra nǹkan kan ṣoṣo lọ́dún yìí, òun ni kí o rà. Iná tó ń lọ tó ń bọ̀, ní nǹkan bíi ìgbà 100,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ló ń rán sínú kapásítọ̀, fóòtì rẹ̀ sì kéré débi pé kò ní jí dáyóòdù tàbí tiransítọ̀ kankan. Ohun tó ń wá kò tó ọ́ọ̀mù méjì mẹ́ta, nítorí náà 1k tàbí 10k tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kò lè dí i lọ́wọ́. 1000µF tó sàn kì í sábà kọjá ìdá kan nínú mẹ́wàá ọ́ọ̀mù. 10µF 50V kékeré lè ka ọ́ọ̀mù kan tàbí méjì, kó sì sàn. Bí ó bá ka 15, ó ti gbẹ.

Ọ̀fìn méjì ló wà níbẹ̀. Kapásítọ̀ tó bá ṣọ́ọ̀tì máa ń ka òdo lórí mítà ESR, ìwọ á rò pé òun ló dára jù nínú gbogbo wọn. Fi ọ́ọ̀mù yẹ̀ ẹ́ wò ṣáájú. Bí mẹ́ta bá sì so mọ́ ojú kan náà, ẹyọ kan tó sàn á bo méjì tó gbẹ mọ́lẹ̀, torí náà bọ́ọ̀dù tó bá ní kapásítọ̀ mẹ́ta lẹ́nu 12V, ojú ni kí o fi wò wọ́n, bóyá orí wọn wú. Èyí tí ojú kò lè dá mọ̀ ni kapásítọ̀ kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ IC náà, tó sún mọ́ irin tó ń gbóná. Kì í wú. Ó máa ń gbẹ jẹ́jẹ́ bí àgbàdo lórí àjà. Bí tẹlifíṣàn bá ń pẹ́ kó tó tàn láàárọ̀ ọyẹ́, tó sì ń tàn wẹ́rẹ́ lọ́sàn-án, òun ni kí o kọ́kọ́ fura sí.

Ọyẹ́ tí mo dárúkọ yìí, ṣọ́ra fún un nínú ọ̀rọ̀ fẹ́ẹ̀tì. Géètì wọn kì í gbà ju 20V, iná tó ń ta èèyàn lára nígbà tó bá bọ́ ẹ̀wù ọ̀rá ní oṣù Ṣẹẹrẹ sì ju ìyẹn lọ lọ́nà ọgọ́rùn-ún. Fọwọ́ kan irin tó wọlẹ̀ kí o tó gbé e.

Àwọn tí kò sí bí mítà ṣe lè sọ òótọ́ nípa wọn lórí ìjókòó láìsí iná ni IC, ṣénà (dáyóòdù tó ń di fóòtì mú sójú kan), òpítókọ́pílà (èyí tó ń fi ìmọ́lẹ̀ jíṣẹ́ láti apá kan sí èkejì) àti tiransifọ́mà kékeré tí wáyà inú rẹ̀ ti kan ara wọn. Fún ṣénà àti IC, fún bọ́ọ̀dù ní iná kí o wo fóòtì wọn. Fi gílóòbù oníwáàtì 60 tàbí 100 sójú ọ̀nà iná kí o tó tàn án, kí ṣọ́ọ̀tì má baà jó ohun tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Ọwọ́ dúdú mítà, ẹ̀gbẹ́ nẹ́gétíífù kapásítọ̀ ńlá ni kó wà bí o bá ń wọn apá tó ń jẹ iná NEPA. Má ṣe é mọ́ irin ara tẹlifíṣàn, nọ́ńbà tí kò nítumọ̀ ni wàá rí. Bí o bá fi irinṣẹ́ tó so mọ́ ilẹ̀ kan nẹ́gétíífù kapásítọ̀ ńlá yẹn, ìbúgbàù ni. Ọwọ́ kan ni kí o fi wọ̀n ọ́n, kí èkejì wà nínú àpò.

Mú UC3842, tó pọ̀ lórí àwọn bọ́ọ̀dù ṣájà àti ẹ̀rọ iná, ṣe àpẹẹrẹ. Ẹsẹ̀ 7 ló fi ń jẹun, ẹsẹ̀ 5 ni nẹ́gétíífù rẹ̀. Ó máa ń jí ní nǹkan bíi 16V, ó sì máa ń sùn padà bí oúnjẹ bá lọ sílẹ̀ dé 10V. Bí o bá rí òdo lẹ́sẹ̀ 7 tí 325V sì wà lórí kapásítọ̀ ńlá, rẹsísítọ̀ ìjí ti là, tàbí ẹsẹ̀ 7 ti ṣọ́ọ̀tì sílẹ̀. Pa iná, tú iná inú kapásítọ̀, kí o fi ọ́ọ̀mù yẹ méjèèjì wò. Bí fóòtì bá ń gòkè sọ̀ kalẹ̀ láàárín 10 àti 16, IC sàn. Ó ń jí, ebi ń pa á, ó ń sùn. Kapásítọ̀ kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tàbí ṣọ́ọ̀tì ní apá kejì ni kí o wá lọ.

Ohun kan tí kò ná mi ní kọ́bọ̀, tó sì ti gbà mí ju irinṣẹ́ kankan lọ, ni ìwé kan tó wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Bí mo bá tún bọ́ọ̀dù kan ṣe tán, kí oníbàárà tó gbé e lọ, mo máa ń fi mítà sí ojú dáyóòdù, ọwọ́ pupa lórí nẹ́gétíífù, ọwọ́ dúdú lórí ẹsẹ̀ IC lọ́kọ̀ọ̀kan, màá kọ nọ́ńbà wọn sílẹ̀ lábẹ́ orúkọ bọ́ọ̀dù náà. Nígbà tí irú rẹ̀ mìíràn bá dé ní òkú láti Mọpà tàbí Ẹ̀gbẹ̀, mo kàn ń fi wéra ni. Kò kàn mí bóyá ohùn mẹ́ta ló ń dáhùn tàbí méje. Ohun tí mo mọ̀ ni ohun tí agboolé náà máa ń dáhùn nígbà tí ara wọn yá. Ẹsẹ̀ tó bá yàtọ̀ ni iṣẹ́ wà. Íńfátà tìrẹ tiẹ̀ ti gbé àwòṣe tirẹ̀ wá: apá òsì àti apá ọ̀tún rẹ̀ jọra bí ìbejì, fi èyí tó sàn wọn èyí tó ń ṣàìsàn.

Ti ojú bàbà tó ń ṣí: bọ́ọ̀dù aláwọ̀ ilẹ̀ tó dà bí páálí, ojú bàbà rẹ̀ kì í di mú bíi ti aláwọ̀ ewé, torí náà má ṣe gbé áyọ́ọ̀nù lé e ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta sí mẹ́rin lọ. Kọ́kọ́ fi lẹ́ẹ̀dì tuntun kún ti àtijọ́ kí ó lè yọ́ kíá. Bí kò bá tíì yọ́, má fà á. Ohun ẹlẹ́sẹ̀ méjì, ẹsẹ̀ kan péré ni kí o gbé sókè, ìyẹn ti tó láti wọ̀n ọ́n bí ẹni tó dá wà. Bí ó bá sàn, tẹ ẹsẹ̀ náà padà. Bọ́ọ̀dù kò ní mọ̀ pé o wá.

Nígbà tí o bá to fẹ́ẹ̀tì padà sórí íńfátà yẹn, wọn gbogbo rẹsísítọ̀ géètì, kí o sì wo tiransítọ̀ tó ń rán iná sí géètì wọn pẹ̀lú, torí òkú fẹ́ẹ̀tì kì í sábà dá nìkan lọ. Lẹ́yìn náà, má so bátìrì mọ́ ọn tààrà. Wá gílóòbù iwájú mọ́tò, 12V oníwáàtì 55, fi í sójú ọ̀nà pósítíífù bátìrì, kí o tàn án láìso ohunkóhun mọ́ ẹnu rẹ̀. Bí gílóòbù bá tàn gbòò tí kò rẹlẹ̀, yọ ọ́ kíá, òkú mìíràn ṣì wà níbẹ̀. Bí ó bá tàn fìrì tó sì rẹlẹ̀, yọ gílóòbù, so bátìrì, kí o pe oníbàárà rẹ.